Ìgbì ọgọ́rùn-ún ọdún: ta ló dúró tó wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ lórí rígì tí wọ́n ti ń wa epo lójú agbami, lápá Bonny. Ó ní kí n má ṣe já ara mi láyà, pé wọ́n gbé dẹ́kì rígì náà, ìyẹn pèpéle tí wọ́n ń dúró ṣiṣẹ́, ga ju ìgbì tó ń wá lẹ́ẹ̀kan ní 100 ọdún lọ. Mo bi í pé ta ló jókòó sójú òkun fún 100 ọdún tó ń wọn ìgbì, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ń fi wá lọ́kàn balẹ̀? Tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ bá sì ti wá lọ́dún tó kọjá, ṣé a lè sinmi fún 99 ọdún nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Mà. Ọmọ yín ò parọ́ fún yín, àmọ́ ẹ̀rín tó rín yẹn kì í ṣe ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó wọn òkun fún 100 ọdún níbi tí rígì rẹ̀ wà. Ìṣirò ni wọ́n fi dé ibi tí wọ́n dé, látinú ohun tí wọ́n rí láàárín 20 tàbí 30 ọdún, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, mo sì gbà pé ìṣirò gidi ni. Ṣùgbọ́n ó níbi tó dáni lójú, ó sì níbi tó jẹ́ pé ìwọ̀nba làwa náà mọ̀. Mi ò ní bo ìkankan fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìsinmi 99 ọdún kankan. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, tí a bá pín ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà 100, nínú ọ̀nà kan péré ni ìgbì ti máa ga ju ìwọ̀n yẹn lọ. Ọdún tó kọjá ò bá tọdún yìí ṣe. Ẹni tó bá ti ta lúdò rí mọ̀ ọ́n: bí síìsì bá bọ́ nísinsìnyí, kò ní kí síìsì mìíràn má bọ́ tẹ̀ lé e, torí dáìsì kì í rántí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí ìjì líle Ivan ń jà ní Gulf of Mexico, bọ́ọ̀yì kan tó léfòó níwájú etíkun Alabama wọn òkun tí irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá. Kó tó pé ọdún kan, Katrina dé, bọ́ọ̀yì kan náà sì wọn èyí tó tún ju ti Ivan lọ. Màá padà sórí àwọn méjèèjì.

Ẹ wá wo ohun tí èyí sọ fún ẹni tó máa lo 30 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún kan, 99 nínú 100 ni pé kò ní ṣẹlẹ̀, ìyẹn 0.99. Ẹ sọ 0.99 di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ nígbà 30, 0.74 ló máa kù. Nítorí náà, nǹkan bí 26 nínú 100 ni pé òkun máa kọjá ìlà yẹn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ yín tó fẹ̀yìn tì. Kódà tẹ́ ẹ bá dúró fún 100 ọdún gbáko, 63 nínú 100 ló jẹ́.

Mo mọ̀ pé 26 yẹn lè mú kẹ́ ẹ fẹ́ pè é kó máa bọ̀ nílé. Ẹ fara balẹ̀. Ìgbì 100 ọdún kọ́ ló ń wó rígì. Ibẹ̀ ni ẹnjiníà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Tó bá ti mọ agbára tí ìgbì náà máa fi lu òpó rígì, á tún fi nǹkan bí 1.3 sọ ọ́ di púpọ̀, á sì ṣe bíi pé irin tó fẹ́ lò kò lágbára tó bó ṣe lágbára. Ní Nọ́wè, ìlànà tún béèrè ju ìyẹn lọ: rígì gbọ́dọ̀ lè dúró lójú ìgbì 10,000 ọdún, bó tilẹ̀ máa fara gbọgbẹ́. Láàárín 30 ọdún, ìṣeéṣe pé irú ìyẹn máa dé kò ju 3 nínú 1,000 lọ.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń rí nọ́ńbà wọ̀nyí? Ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ìkíní: nínú ìjì kan ṣoṣo, báwo ni ìgbì kan ṣe lè ga tó? Ìkejì: ìjì tó le jù tí 100 ọdún lè gbé wá, báwo ló ṣe máa le tó?

Ìkíní ló dá wa lójú jù. Ìgbì inú ìjì ò dọ́gba: kékeré, ńlá, kékeré méjì, gbàǹgbà kan. A máa ń wọn gbogbo wọn fún 20 ìṣẹ́jú tàbí wákàtí mẹ́ta, ká tò wọ́n bí wọ́n ṣe ga sí, ká mú ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lókè, ká sì wá ìpíndọ́gba gíga wọn. Hs là ń pè é. Àwọn onímọ̀ òkun méjì, Harald Sverdrup àti Walter Munk, ló mú un wá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì wúlò torí pé ó sún mọ́ iye tí atukọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń dá tó bá fojú díwọ̀n òkun. Lọ́dún 1952, Michael Longuet-Higgins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ẹni tó bá ti mọ Hs ti mọ bí ìyókù ṣe máa tò. Ìgbì tó ga ju Hs lọ, nǹkan bí 1 nínú 7 ni. Èyí tó ga ju ìlọ́po méjì Hs lọ, 1 nínú 3,000. Tí ìjì bá jà fún wákàtí mẹ́ta, tí ìgbì sì ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìgbì ibẹ̀ á lé díẹ̀ ní 1,000, èyí tó ga jù nínú wọn á sì máa tó Hs ní ìlọ́po 1.9. Tí Hs bá jẹ́ mítà 12, ká máa retí ìgbì kan tó ga tó mítà 22.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1995, òkun dán ìṣirò yìí wò. Ìjì ń jà lórí Òkun Àríwá, lápá Nọ́wè. Rígì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Draupner, wọ́n sì ti so ẹ̀rọ lésà kan mọ́ ọn tó dojú kọ omi nísàlẹ̀, tó ń wọn bí omi ṣe jìnnà sí i. Hs ọ̀sán ọjọ́ náà tó nǹkan bíi mítà 12. Àfìgbà tí ìgbì kan yọ: mítà 25.6 láti ìsàlẹ̀ dé orí, orí rẹ̀ sì fi mítà 18.5 ga ju ibi tí omi máa wà ká ní ó pa rọ́rọ́. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń ka ìtàn àwọn atukọ̀ nípa irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sí àsọdùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò 1952 wò ó. 25.6 tí a bá fi 12 pín jẹ́ 2.13, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ 1 nínú 9,000. Tí ìgbì kan bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá 12, ìjì yẹn ní láti jà fún wákàtí 30 láìrọlẹ̀ kí á tó retí ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, torí ìjì pọ̀ láyé, òru àti ọ̀sán sì ni òkun fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣàjèjì gan-an ni orí rẹ̀. Ìṣirò tó rọrùn yẹn gbà pé ìdajì ìgbì wà lókè ojú omi, ìdajì nísàlẹ̀. Ti Draupner jẹ́ mítà 18.5 lókè, mítà 7 péré nísàlẹ̀. Bí ìgbì ṣe ń ga sí i ni orí rẹ̀ ń ṣóńṣó sí i, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ sì rántí pé orí ìgbì ló ń kan dẹ́kì. Ẹni tó bá fi ìdajì-ìdajì ṣírò gíga dẹ́kì ti pe omi wá sínú ilé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ìṣirò mìíràn fún orí ìgbì lónìí, pàápàá èyí tí George Forristall gbé jáde lọ́dún 2000.

Ìbéèrè kejì ni wàhálà wà. A máa ń mú Hs tó ga jù lọ́dún kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré lọ́dún kan. Àkọsílẹ̀ 30 ọdún á fún wa ní nọ́ńbà 30, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí tí ẹ̀rọ fi wọn omi. Lọ́dún 1928, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Ronald Fisher àti Leonard Tippett, fi hàn pé àwọn tó ga jù wọ̀nyí ní òfin tiwọn: ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ooru, ì báà jẹ́ ìgbì, tí a bá ti mú èyí tó ga jù nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìrísí mẹ́ta péré ló wà tí ìtò wọn lè sún mọ́. Tippett ò tiẹ̀ ti ojú òkun dé ibẹ̀. Ilé ìwádìí òwú ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti rí i pé fọ́nrán tó rọ jù ló ń pinnu ìgbà tí òwú máa já. Fọ́nrán tó rọ jù, ìgbì tó ga jù, ìṣirò kan náà ni. Ẹni tó wá sọ ọ́ di irinṣẹ́ fún àwọn tó ń wọn omi odò àti òkun ni Emil Gumbel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Munich lọ́dún 1891. Òun kan náà ló ti fi ìṣirò tú àṣírí ìpànìyàn àwọn olóṣèlú nílẹ̀ Jámánì, tí wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ ìkọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ ní Heidelberg lọ́dún 1932. Ó sá lọ sí Faransé, ó sì ti ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán wo ìrísí Gumbel, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn. Nọ́ńbà méjì ló nílò: ibi tí ìjì tó le jù lọ́dún sábà máa ń dé, ká ní mítà 9, àti bí ọdún kan ṣe ń yàtọ̀ sí èkejì, ká ní mítà 0.8. Hs 10 ọdún á jẹ́ mítà 10.8. Ti 100 ọdún, 12.7. Ti 1,000 ọdún, 14.5. Ti 10,000 ọdún, 16.4. Gbogbo ìgbà tí a bá fi 10 sọ ọdún di púpọ̀, mítà 1.8 ló ń kún un. Lórí gíráàfù tí wọ́n ṣe fún un, ìlà tó gún gbọọrọ ni, ẹ kàn máa fi rúlà fà á lọ. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ nìyẹn, ohun tó léwu nínú rẹ̀ náà nìyẹn, torí rúlà ò mọ ibi tí àkọsílẹ̀ parí sí. Tí 0.8 yẹn bá jẹ́ 1.0 lóòótọ́, Hs 100 ọdún á di 13.6, ti 10,000 ọdún á di 18.2. Mítà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ 30 ọdún kò lágbára tó láti fọwọ́ sọ̀yà pé 0.8 ni, kì í ṣe 1.0. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ẹnjiníà tó kọ ìgbì 10,000 ọdún sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá, ẹ bá mi wò ó dáadáa.

Láti dín àìdánilójú yẹn kù, a máa ń wá àkọsílẹ̀ kún àkọsílẹ̀. Dípò ìjì kan lọ́dún, a lè mú gbogbo ìjì tó bá kọjá ààlà kan, kí ọdún tó ní ìjì líle mẹ́ta fún wa ní mẹ́ta. Ìjì kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, nítorí aago méjì àti aago mẹ́ta inú ìjì kan náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí méjì. Láti ọdún 1991 tí sátẹ́láìtì ERS-1 ti gòkè, à ń wọn gíga ìgbì láti òfuurufú káàkiri ayé. Níbi tí kò tiẹ̀ sẹ́ni tó wọn ìgbì rí, a ń fi ìròyìn afẹ́fẹ́ àtijọ́ tún ìgbì ìgbà náà dá lórí kọ̀ǹpútà: àkójọ kan tó ń jẹ́ ERA5, tí àwọn ará Yúróòpù ṣe, ti padà sẹ́yìn dé ọdún 1940. Ẹ wá rí i pé ìbéèrè yín tí ọmọ yín fi rẹ́rìn-ín ní ìdáhùn díẹ̀: kò sẹ́ni tó jókòó fún 100 ọdún, àmọ́ a ti ju 80 lọ lọ́nà ẹ̀bùrú. Àléébù rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà máa ń dín ìjì tó le jù kù, ìyẹn gan-an tí à ń wá.

Wàyí o, Ivan àti Katrina. Bọ́ọ̀yì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wọn Hs tó tó mítà 16 lọ́jọ́ Ivan, mítà 16.9 lọ́jọ́ Katrina. Katrina àti Rita, ìjì míì tó tẹ̀ lé e, láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ọdún 2005, wó rígì 113. Wọ́n ti kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sórí ilẹ̀ kí ìjì tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wó ló ti gbó, tí wọ́n kọ́ nígbà tí ìlànà ò tíì le. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ní àṣìṣe tirẹ̀: nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo Gulf of Mexico, bíi pé gbogbo apá rẹ̀ rí bákan náà. Lọ́dún 2007, àjọ API tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà pín in sí apá mẹ́rin, wọ́n sì gbé nọ́ńbà apá àárín sókè. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Rígì tó bá ń lo ìṣirò ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ títí dòní ti ń fi àtijọ́ gbálẹ̀ òní.

Àwọn ará Netherlands ti jẹ irú ìyà yìí ṣáájú. Lọ́dún 1939, ẹnjiníà wọn kan, P. J. Wemelsfelder, fi hàn pé omi ìjì tó ń kún bo etíkun kì í dúró síbi kan pàtó. Ó kàn ń ṣọ̀wọ́n sí i bó ṣe ń ga sí i ni. Nígbà tó di òru tó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1953, omi ga dé mítà 3.85 ní Hoek van Holland, ìlú etíkun kan níbẹ̀, èèyàn 1,836 sì kú lórílẹ̀-èdè náà. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ onímọ̀ ìṣirò David van Dantzig, wá mú mítà 5 gẹ́gẹ́ bíi gíga omi tí ògiri etíkun ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá dúró, èyí tí ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 10,000 lọ́dún. Van Dantzig gbé owó ògiri sórí ìwọ̀n kan, ó gbé ohun tí omi lè bà jẹ́ sórí èkejì. Iye ọdún tí èèyàn yàn, owó àti ẹ̀mí ló ń pinnu rẹ̀, òkun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò béèrè nípa omi tó ń ṣàn lábẹ́, àmọ́ mi ò lè fò ó. Tí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń lu òpó á di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní omi inú ìgbì ń sáré mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣàn omi sì ń sáré mítà 1 lọ síbi kan náà. 6 nígbà 6 jẹ́ 36, 7 nígbà 7 jẹ́ 49. Mítà kan péré ti fi ju ìdá mẹ́ta lọ kún ẹrù òpó. Ṣé ká wá da ìgbì 100 ọdún pọ̀ mọ́ ìṣàn 100 ọdún? Tí àwọn méjèèjì ò bá mọra wọn rí, ìṣeéṣe pé wọ́n á dé lọ́dún kan náà jẹ́ 1 nínú 10,000, ká má tíì sọ wákàtí kan náà. Tó bá sì jẹ́ ìjì kan náà ló ń tì wọ́n, wọ́n á jọ dé. Ìlànà Nọ́wè wá ní kí wọ́n ṣe é lọ́nà méjì: ìgbì 100 ọdún pẹ̀lú ìṣàn 10 ọdún, lẹ́yìn náà ìṣàn 100 ọdún pẹ̀lú ìgbì 10 ọdún, kí wọ́n mú èyí tó bá burú jù. Àdéhùn ọlọ́gbọ́n ni, mo sì gbà pé ó dáa ju ká máa díbọ́n pé a mọ bí wọ́n ṣe ń bára wọn rìn.

Níbi tí ọmọ yín wà ńkọ́? Irú ìjì Katrina kì í dé ibẹ̀. Etíkun wa sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù, yíyí ayé tó ń jẹ́ kí ìjì bẹ́ẹ̀ yí bírí ò sì lágbára níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbì ńlá tó ń dé láti Èkó títí dé Bonny, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, látinú ìjì tó ń jà ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa. Wọ́n gùn, wọ́n máa ń dé tẹ̀léra-tẹ̀léra, wọn kì í sì ga tó ti Òkun Àríwá. Ohun tó ń da àwọn ẹnjiníà láàmú lápá ibẹ̀ ni ìjì òjijì ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò: afẹ́fẹ́ á yí padà lójú ẹsẹ̀, á le gan-an, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan á ti parí. Ẹ̀rọ tó ń kọ ìpíndọ́gba wákàtí-wákàtí sílẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. A ò gbọ́dọ̀ da nọ́ńbà irú ìjì yìí pọ̀ mọ́ ti ìgbì ọ̀nà jíjìn nínú ìṣirò kan ṣoṣo, torí bàbá wọn ò dọ́gba. Kálukú ló ní ìlà tirẹ̀.

Bó bá tún pè yín, ẹ ní kó béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní metocean report, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa afẹ́fẹ́, ìgbì àti ìṣàn omi ibẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà wọn. Kó wò ó bóyá 100 ọdún tí wọ́n ń wí jẹ́ ti Hs tàbí ti orí ìgbì. Ọdún mélòó ni àkọsílẹ̀ wọn. Bóyá bọ́ọ̀yì ló wọ̀n ọ́n tàbí kọ̀ǹpútà ló dá a. Àti ìgbà tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ rígì tó fẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ òkun ni, kó tún béèrè bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń rì, nítorí dẹ́kì lè máa sún mọ́ omi láìjẹ́ pé ìgbì ga sí i. Ní Ekofisk, ibi tí wọ́n ti ń wa epo lápá Nọ́wè, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun rì nítorí epo àti gáàsì tí wọ́n ń fà jáde, wọ́n sì ní láti fi jáàkì gbé àwọn rígì ibẹ̀ sókè ní mítà 6 lọ́dún 1987.